Pákó Abẹ́ Àpò

Àwọn ọ̀dọ́ méjì tó gba yàrá lẹ́yìn ilé mi ní Yaba ló bi mí léèrè ohun tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń rò ó bóyá kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Mo ní mo máa ń to àpò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni, nítorí wọ́n ti rí fọ́tò mi nínú aṣọ ìgboyè lára ògiri pálọ̀. Kì í ṣe àwàdà. Àpò ni mo tò títí orúnkún mi fi ní ó tó. Mo wá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, bóyá yóò wúlò fún ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí yóò yàn.

Jọ́gíráfì ni mo kà ní yunifásítì. Mo kà nípa òjò, nípa odò àti ọ̀sà, nípa bí omi ṣe ń jẹ etí ilẹ̀. Nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán tí mo padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Mushin, ní ọdún 1985, kò sí ẹni tó ń wá ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀sà. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan mú mi lọ sí ilé ìkẹ́rù kan ní Òtò, wọ́n gbà mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Owó oṣù náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ilé ìkẹ́rù náà gùn bí ọjọ́ tí kò sí oúnjẹ. Ó kọjú sí títì, ó kẹ̀yìn sí omi. Oúnjẹ ni a ń tà níbẹ̀ ní odidi àpò àti odidi páálí: ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, iyọ̀, ṣúgà, mílíìkì, tòmátò alágolo, ẹja alágolo, ọṣẹ. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló ń rà lọ́wọ́ wa, láti Surulere, láti Mushin, láti Ìwáyà. Àwọn aráàlú kò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tò láti ra mílíìkì àti ọṣẹ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, nítorí náà ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n díẹ̀.

Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ tiwa ni ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kò sí ẹni tó ń pè é lórúkọ mìíràn. Díákónì kò ga, kì í pariwo, kì í sì í jókòó. Ọjọ́ tí mo dé, ó wo ìwé ẹ̀rí mi, ó ká a dáadáa, ó dá a padà fún mi.

Ó ní, "Yunifásítì, ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi gbálẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan àpò. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ sítóò kò lè mọ ibi tí ó máa gbé ẹrù sí. Òótọ́ ni. Ní ìparí oṣù kẹta mo mọ ibi tí òjò ti ń jò, ibi tí eku ti ń gbà wọlé, àti igun tí sìmẹ́ńtì ti máa ń láàgùn láràárọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí omi kankan nítòsí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kọ́ mi ní pákó. Àwọn pákó tí a kàn pọ̀ bí àtẹ ni, tí ó gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. A fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ìkọ̀ọ̀kan wọn. Àpò kankan kò gbọdọ̀ wà ní sítóò náà láìsí pákó lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo sọ àpò ẹ̀wà kan kalẹ̀ lásán kí n lè nu ojú. Díákónì wá dúró tì mí.

"Kí ló wà lábẹ́ àpò yẹn?"

"Ilẹ̀ ni, sà. Mo fẹ́ gbé e ni."

"Àpò kì í fara kan ilẹ̀. Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó ní kí n máa tún un sọ títí tí n ó fi gbé àpò náà dé òpin sítóò. Àwọn alábàárù tó wà níbẹ̀ gbé orin rẹ̀, wọ́n sì ń fi í kí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó tún kọ́ mi bí a ṣe ń gbọ́ agolo. Ó máa ń di ojú mi pẹ̀lú aṣọ ìnujú rẹ̀, á gbé agolo lé mi lọ́wọ́, á ní kí n mì ín sétí. Mílíìkì máa ń sáré nínú agolo bí omi, ó sì máa ń dún tínrín. Tòmátò kì í mì rárá, ó wúwo bí òkúta. Ẹja máa ń mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó máa ń kan ìdí agolo gbùú, á dákẹ́. Mílíìkì tó ti dì náà kì í sáré mọ́, ohun tí ó fẹ́ kí n mọ̀ gan-an nìyẹn, kí a má bàa tà á fún ènìyàn. Mo rò nígbà náà pé eré ọmọdé ni. Kò sí ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì tí etí mi rántí tó ìyẹn.

Mo ti lo bí ọdún kan àbọ̀ nígbà tí Ìyá Sewanu wá. Obìnrin Ègùn ni, láti Makoko, lórí omi níbẹ̀, ó sì ga ju Díákónì lọ. Ọkọ̀ ojú omi ló wà dé ẹ̀yìn sítóò wa. Ó kí wa, ó ní àpò ìrẹsì kan lòun fẹ́.

Díákónì ní, "Ṣọ́ọ̀bù yín dà?"

"Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, sà. Ẹnu ni mo ní. Ilé mẹ́jọ la fẹ́ jọ pín in."

"A kì í tà fún ilé. Ṣọ́ọ̀bù là ń tà fún."

"Àwọn oníṣọ́ọ̀bù yín náà ló ń wọ̀n ọ́n fún wa, sà. Kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lù nídìí títí ìdí fi wọnú. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kiri ojú omi á tún rà á lọ́wọ́ wọn, á wọn tiẹ̀ fún wa. Tó bá dé ìkòkò mi, ó ti gba ọwọ́ mẹ́ta."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ mi."

Obìnrin náà kò bínú. Ó ní ó dàárọ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti ọ̀sẹ̀ kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo dá sí ọ̀rọ̀ náà. N kò lè sọ pé àánú ni. Mo ṣì ń fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo kàwé.

Mo ní, "Sà, bí ilé mẹ́jọ bá ra àpò kan pọ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù?"

Díákónì ní, "Ṣọ́ọ̀bù kì í yí dànù lójú omi." Àmọ́ ó ń rò ó. Ìgbà tó yá, ó ní, "Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ yìí wà ní Àpápá. N kò fẹ́ ìtàn kankan tó máa gbé wọn wá bi mí pé ta ni mo tajà fún. Mo gbà. Tí ẹrù bá bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin yìí, wọn ò ní wá síbí mọ́. Tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Yunifásítì, ìwọ ni o ò ní wá mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin Makoko ṣe bẹ̀rẹ̀ sí rajà ní ilé ìkẹ́rù. Mo tẹ̀ lé wọn lọ nígbà kan láti wo bí wọ́n ṣe ń pín in. Wọ́n da ìrẹsì sórí ẹní ńlá ní iwájú ilé Ìyá Sewanu, ẹnì kan ń fi kóńgò tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú wọ̀n ọ́n sí òkìtì mẹ́jọ. Òfin wọn ni pé obìnrin tó bá wọn ọjà lọ́jọ́ náà ló máa mú tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn yòókù á yan èyí tó wù wọ́n, èyí tó bá kù ni tirẹ̀. N kò rí ibi tí òkìtì kan ti ga ju èkejì lọ. Láàárín ọdún kan, ilé mẹ́jọ di bí ogún. Àwọn ọmọ wọn ń mu tíì onímílíìkì láràárọ̀, Ìyá Sewanu ló sọ fún mi, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ nǹkan kékeré.

Ọdún Kérésìmesì kan ló ń bọ̀. Wọ́n ra ọjà tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n rà rí: àpò ìrẹsì márùn-ún, ẹ̀wà méjì, àpò iyọ̀ kan, ṣúgà, àti páálí agolo mẹ́wàá. Mo ní èmi fúnra mi ni n ó tò ó sínú ọkọ̀ kó lè dé láyọ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, omi wà níbẹ̀, ó tó kókósẹ̀. Mo padà sí sítóò, Díákónì kò sí níbẹ̀, mo sì fi ọmọlanke gbé pákó mẹ́rin wá.

Ìyá Sewanu ní, "Brọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi pákó yẹn ṣe?"

"Omi wà nínú ọkọ̀ yín, mà. Àpò kò gbọdọ̀ fara kàn án."

"Omi yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí yín. Ẹní la máa ń tẹ́ sí i, ẹnì kan á sì máa gbọ́n ọn."

"Ìrẹsì tó bá mumi, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Kó mu díẹ̀. Ìyẹn kéré sí kí ẹrù ga kí ọkọ̀ máa fì."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Mo kàwé nípa omi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ kàwé nípa ẹ̀. Àwa ń gbé inú ẹ̀." Ó tún wo pákó náà, ó wò mí, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un, kò sì fẹ́ já mi ní koro lójú àwọn alábàárù.

Mo tò ó bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Pákó sísàlẹ̀, àpò lórí pákó, páálí lórí àpò. Ọkọ̀ fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà pákó náà kò wọlẹ̀, ó há sí agbede ọkọ̀. Ó wá dà bí ẹni pé ẹrù náà jókòó sórí àga. Ó lẹ́wà lójú mi. Ìyá Sewanu àti obìnrin méjì mìíràn wọlé, wọ́n tu àjẹ̀. Wọn kò tíì lọ jìnnà nígbà tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wọ́ gẹdú lójú omi lọ sí ilé ìlagi kọjá. Ìgbì tó ti ẹ̀yìn wọn wá kò ga ju orúnkún lọ. Ọkọ̀ náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, kò sì padà dìde.

Mo ka orí wọn láti èbúté. Mẹ́ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀wẹ̀ dáadáa. Ìrẹsì rì, iyọ̀ àti ṣúgà di omi. Pákó mẹ́rin náà nìkan ló léfòó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Díákónì pè wá.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyá Sewanu ní, "Ìgbì ni, sà. Àwọn tó ń wọ́ gẹdú ló kọjá."

"Ta ló ń gbé orí omi?"

"Àwa ni, sà."

"Ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹ má bínú. A ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Yunifásítì, ṣé o ní ọ̀rọ̀ kankan?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Obìnrin náà kò wo ojú mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Díákónì, ó lọ. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo lè kọ pé n kò sùn, àmọ́ mo sùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni pé n kò lè sọ gbólóhùn Díákónì yẹn mọ́, kí àpò má fara kan ilẹ̀. Bí mo bá ti ń gbé pákó, mo ń gbé e lójú dídì.

Bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, obìnrin kan wá sí ẹnu ọ̀nà, ó ní wọ́n rán òun sí brọ̀dá tó ń gbọ́ agolo. Àwọn ọkùnrin wọn ti wẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ agolo jáde, àmọ́ omi ti bó gbogbo ìwé ara wọn. Wọn kò mọ èyí tó jẹ́ mílíìkì. Tí wọ́n bá ṣí tòmátò láàárọ̀ tí wọn kò fẹ́ ẹ, á bàjẹ́ kó tó di alẹ́.

Mo lọ lọ́jọ́ ìsinmi mi. Wọ́n kó agolo náà jọ sáàárín ilé, ó funfun, ó ń dán, kò sí orúkọ lára ọ̀kankan. Mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí mì wọ́n. Mílíìkì, ọ̀tún. Tòmátò, òsì. Ẹja, ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin yí mi ká, wọ́n ń wò. Wọ́n ṣí mẹ́ta láti fi dán mi wò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bọ́ sí i.

Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní, "Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ yìí gbọ́ ohun tí mílíìkì ń sọ nínú irin?"

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Tí Ìyá Sewanu dúró tì í tó ń sọ̀rọ̀, kò gbọ́?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Agolo tó wà lọ́wọ́ mi, mo mì ín títí, n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́.

Ìyá Sewanu gbé gàrí wá fún mi. Ó kéré nínú àwo. Ó ní kí n má bínú, kóńgò oníṣọ́ọ̀bù ló wọ̀n ọ́n. Mo bi í léèrè ìdí tó fi sọ pé ìgbì ni.

Ó ní, "Ìgbì náà wá, àbí kò wá? Mo rò ó pé tí mo bá ní ẹ̀yin ni, wọ́n á lé yín, kò sì ní sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn fún wa mọ́. Mo wá dì í ru ìgbì. Mi ò mọ̀ pé Díákónì máa dá ìgbì náà lẹ́jọ́."

Nígbà tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀ padà, mo rí ohun tí mo ti tẹ̀ nígbà tí mo ń bọ̀ tí n kò wò ó. Wọ́n ti kan ọ̀kan nínú pákó mi mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi í gun ilé. Nọ́ńbà mẹ́rìnlá, lọ́dà pupa.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo bá Díákónì nídìí ògiri, ó ń ka pákó bó ṣe máa ń kà á ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo ní, "Sà, èmi ni mo to ọkọ̀ yẹn. Ìyá Sewanu ní kí n má fi pákó sí i, mo fi sí i. Ìdí nìyẹn tó fi yí."

Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn ti yí ni mi ò ti rí pákó mẹ́rin. Mo ń dúró kí o sọ ibi tí wọ́n wà."

Ó ka pákó kan sí i.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí àpò má fara kan ilẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó ṣí fìlà, ó wo inú rẹ̀, ó tún un dé. Ó ní, "Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa, ó yẹ kí o lọ. Àmọ́ tí mo bá lé ọ, ẹni tí mo bá tún gbà, ohun kan náà ni mo máa kọ́ ọ, òun náà á sì kó pákó lọ sínú ọkọ̀. Lọ pe obìnrin yẹn wá. Ìwọ lo máa di ẹrù wọn títí ọdún á fi yípo, òun ló máa pàṣẹ. Ohun tó bá sọ ni kí o ṣe."

"Ẹ ṣé, sà."

"Àwọn pákó mi ńkọ́?"

"Wọ́n ti fi ọ̀kan ṣe àtẹ̀gùn ilé, sà. N kò mọ ibi táwọn yòókù wà."

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

Bí mo ṣe ní ọ̀gá kejì nìyẹn. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ ti wúwo. Ó ní, "Brọ̀dá, ẹ má wo ẹrù. Etí ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò." Àpò wúwo á sùn sísàlẹ̀ pátápátá, lórí ẹní, ní agbede. A ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbọ́nmi. Tí mo bá ṣe àṣìṣe, á ní kí n kó gbogbo rẹ̀ sí èbúté, kí n bẹ̀rẹ̀. Àwọn alábàárù tún rí orin mìíràn kọ.

Ọdún yí po, mo ṣì ń bá wọn di ẹrù. Ẹrù wọn kò bọ́ sómi mọ́ nígbà tí mo wà níbẹ̀.

Irinṣẹ́ wa yí padà lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀. Òṣùwọ̀n onírin tí a ń gbé òkúta lé kúrò nílẹ̀, èyí tó ní ojú bí aago sì dé. Wọ́n gbé ọkọ̀ kékeré kan wá láti Àpápá, tó ní ìka irin méjì níwájú, ó ń gbé pákó àti àpò ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn alábàárù mẹ́fà lọ nítorí rẹ̀. Pákó di ike aláwọ̀ búlúù. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ nǹkan sára ògiri di kọ̀ǹpútà, mo sì kọ́ ọ, kò le. Àmọ́ ohun tó yí iṣẹ́ mi padà jù lọ kò wúwo rárá. Àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí di mílíìkì, ọṣẹ àti tòmátò sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ. Olúkúlùkù lè ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, bó ti wù kó kéré tó. Òkìtì tí àwọn obìnrin ń pín lórí ẹní dín kù, ogún padà di mẹ́jọ, mẹ́jọ di mẹ́ta. Kò sì sí ohun tí etí lè gbọ́ nínú ọ̀rá.

Díákónì ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó. Gbogbo ẹni tuntun tó bá gbà, á fún un ní ìgbálẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, á wá kọ́ ọ ní pákó. Ṣùgbọ́n ó ti fi nǹkan kún un. Á ní, "Àpò kì í fara kan ilẹ̀." Á wò mí. Á ní, "Ilẹ̀ ni mo wí o. N kò wí omi." Ẹni tuntun náà kì í mọ ohun tó ń sọ. Èmi á máa wo ibòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì, mo ra àpò ìrẹsì kékeré kan, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Makoko. Díákónì ti kú nígbà náà. Ìyá Sewanu ti darúgbó, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìyá àgbà yẹn máa ń jókòó sí. Ó mọ̀ mí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Brọ̀dá, ẹ rọra o. Pákó yẹn ń yọ̀."

Ọ̀dà pupa ti parẹ́ lára rẹ̀, ó ku ẹsẹ̀ nọ́ńbà kan péré. N kò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo gbé àpò ìrẹsì náà kalẹ̀ sórí rẹ̀, kí n lè rí ọwọ́ di òpó ilé mú. Omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Kò kan àpò náà.